Àpótí Kékeré Tí A Wá Lọ sí Ọ̀nà Akanran

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa tí ẹ rò pé eré lásán ni mo lọ ṣe ní Ìbàdàn, ẹ kò jẹ̀bi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń di ẹrù mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo rù, kí ló dé tí mo máa ń ta gìrì bí alùpùpù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ti sú mi láti máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín kà á.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ eré tí mo ń ṣe. Ọkọ mi a máa pè é ní eré aláìníṣẹ́. Ẹnì kan á kó nǹkan wẹ́wẹ̀wẹ́ sínú ike ọlọ́mọrí, á lọ fi í pamọ́ síbi tí ẹsẹ̀ kì í sábà dé, lábẹ́ òkúta tàbí nínú ihò igi, á sì fi fóònù sàmì sí ibẹ̀. Àwa yòókù á tẹ̀ lé àmì náà títí a ó fi rí i. Bí o bá ṣí i, o lè mú ohun kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sí góòlù nínú rẹ̀. Yẹtí ẹyọ kan, bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ìlẹ̀kùn mọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Adùn rẹ̀ ni pé o rìn, o wá, o rí. Wá-kóo-rí ni a ń pè é láàárín ara wa.

Bísí ni ó kó mi wọ inú rẹ̀. A jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ni, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni òun, Moniya ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Òun ló pè mí nígbà ìsinmi pé ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, Adéwálé, ti fi àpótí mẹ́ta pamọ́ sí àwọn oko tó yí Ìbàdàn ká, pé kí n máa bọ̀ kí a jọ wá wọn.

Moniya

Ìkíni wọn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àlejò kì í tíì wọlé tán tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ilé ńkọ́, àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́. Mo dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo bá sì ti la ẹnu báyìí, wọ́n á wo ara wọn. Yorùbá inú ìwé ni mo ń gbìyànjú láti sọ o, ṣùgbọ́n Ìkálẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn ọmọ ilé kejì ń sín mi jẹ, wọ́n ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò bi mí bóyá Ìjẹ̀bú ni mí. Mo ní rárá, mo sọ ibi tí mo ti wá fún wọn.

"Háà, ọ̀nà yín jìn o," ni wọ́n wí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣọ́ra yín o."

Mo rò pé àdúrà lásán ni. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé "ẹ ṣọ́ra yín" ti di ara ìkíni wọn lásìkò yìí, bí ìgbà tí èèyàn ń ní "ẹ kú òtútù" nígbà ọyẹ́. Wọ́n ń jí èèyàn gbé lọ́nà oko. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló mọ ẹnì kan tó mọ ẹni tí wọ́n jí gbé.

Láfún àti ilá ni Bísí fi ṣe mí lálejò. Èmi tí pupuru tọ́ dàgbà, mo kọ́kọ́ ń wo òkèlè náà bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n ẹni tó mọ̀. Ó yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun mi kí n tó mọ̀ pé mo ti gbé e mì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bù sí i.

Ẹ̀yìn ojú irin rélùwéè ni àpótí àkọ́kọ́ wà, nínú pápá kan tí wọ́n ti dáko rí. A rí i wéré. Yẹtí aláwọ̀ ewé kan ni mo mú níbẹ̀, mo sì fi ìbọ̀ka tí mo fi ń ránṣọ rọ́pò rẹ̀. Inú wa ń dùn. Ìgbà tí a nà ró ni mo rí àwọn ọkùnrin méjì kan lórí ojú irin. Wọn kò kí wa, ní ìlú tí wọ́n ti ń kí ewúrẹ́. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí a fi kúrò.

Ìyànà Ọ̀fà

Inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó kọjá Ìyànà Ọ̀fà ni èkejì wà. Ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, a wọ bàtà òjò, a so gèlè mọ́rí kí èèrà má baà wọ̀ wá lórí. Bí a ṣe tẹ̀ba lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a ń fi igi wá ilẹ̀ kiri, ni mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀.

Obìnrin kan ló da ìdì igi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó ń wò wá. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá." Bí ó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, ó yí padà, ó ki eré mọ́lẹ̀, orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀ bí orí ọmọláńgidi.

Bísí rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Mo ti bẹ̀rù ejò, mo ti bẹ̀rù ilé ìwòsàn, mo ti bẹ̀rù ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀dá tó sá fún mi rí. Igi ìdáná rẹ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣà á jọ, mo dì í padà, mo gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. A kò wá àpótí yẹn mọ́. Mo sọ fún Bísí pé ká fi ẹ̀kẹta náà sílẹ̀, ká máa lọ sílé.

"Ìwọ náà ẹ̀," ni Bísí wí. "Láti Òkìtìpupa? Èyí tó kù yẹn ló dùn jù. Oko kòkó àtijọ́ ni, Adéwálé ní òun gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀."

Mo gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ìtìjú àtipadà tún wà ńbẹ̀.

Ọ̀nà Akanran

A kọjá Akanran, ọlọ́kadà já wa sí ẹ̀bá ọ̀nà eléruku kan, ó ní òun kò ní dúró dè wá níbẹ̀, òun á padà wá. Kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rárá.

Ẹni tí kò bá dé inú oko kòkó àtijọ́ rí kò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀. Òòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ṣú. Ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ara rẹ á máa dún bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó ń tẹ̀ lé ọ. Mo wẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn mí. Àmì inú fóònù darí wa sí ìdí òkúta kan. Bísí gbé òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi igi wa ewé kúrò, mo sì fa ike funfun kan jáde. A kò tíì ṣí i.

"Ẹ má mira."

Ohùn náà kò le. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú àdá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn rí. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń yọ láàárín igi, ọ̀kan gbé ìbọn ṣakabùlà dání.

"Kí lẹ ń rì síbẹ̀?"

"A ò rì nǹkan kan," ni mo wí. "A ń wú u ni."

Ká ní mo dákẹ́ ni! Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ ń wú u? Ta ló rì í? Kí sì ló kàn yín nínú oko wa? Ibo lẹ ti wá?"

Mo dárúkọ ìlú wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ará ibí." Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúlówó Ìbàdàn ṣàlàyé, ó ń dárúkọ agbo ilé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n gba fóònù wa, wọ́n sì ní kí èmi fúnra mi gbé ike náà, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Abà Adékàńbí ni wọ́n kó wa lọ, abúlé kékeré kan tó ní mọ́ṣáláṣí níwájú. Kí a tó débẹ̀, ìròyìn ti ṣáájú wa. Àwọn obìnrin ti ń kó ọmọ wọlé. Wọ́n mú wa dúró síwájú Baálẹ̀, bàbá kan tó dé fìlà funfun, tó fọwọ́ lé ọ̀pá.

"Ẹ ṣí i," ni Baálẹ̀ wí. Gbogbo èèyàn fà sẹ́yìn.

Mo ń sọ nínú ara mi pé bí wọ́n bá ti rí bọ́tìnnì àti mọ́tò ìṣeré ọmọdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, a ó sì máa lọ. Mo ṣí ọmọrí. Ohun tó wà lókè pátápátá ni owó ẹyọ, tí wọ́n fi òwú pupa so pọ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ni. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ló ṣe é, ó fi rọ́pò ohun tó mú, gẹ́gẹ́ bí òfin eré. Èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò wọn. Igbe ta. Ẹnì kan sọ òkúta, ó bà mí léjìká. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláàdá yẹn, Gàníyù lorúkọ rẹ̀, fi àdá tọ́ka sí mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kan náà sọ̀rọ̀: "Ẹ lọ gbé bẹntiróò wá."

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ pé ìgbésí ayé ẹni á kọjá lójú ẹni lójijì. Irọ́ ni. Bàtà mi nìkan ni mo ń wò. Okùn rẹ̀ kan ti tú, mo sì ń rò pé mo gbọ́dọ̀ so ó kí n má baà ṣubú bí mo bá ń sá.

Obìnrin kan la àárín èrò kọjá. Kò pariwo. Ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tún un ṣe. Ó dúró láàárín àwa àti Gàníyù.

"Bí ẹ bá sun wọ́n," ni ó wí, "ta ni yóò sọ ibi tí Sàlámátù wà fún mi?"

Ó nawọ́ sí àdá náà.

"Gàníyù, sọ àdá yẹn kalẹ̀. Èmi ni mo bí ìwọ náà."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ wú ẹ̀gẹ́ lóko, kò sì padà. Agbọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ẹ̀gẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àbúrò Gàníyù ni.

Inú yàrá

Wọ́n tì wá mọ́ yàrá kan tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wá títí òun á fi mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ihò kékeré kan ni fèrèsé rẹ̀, ojú sì ń yọ níbẹ̀ lóòrèkóòrè láti wò wá.

Ìyá Sàlámátù gbé èkuru àti ata díndín wá fún wa nínú àwo tánńganran tó ní òdòdó lára. Mo wò ó, mo wo Bísí. Ẹ̀rù bà mí láti jẹ ẹ́. Ó mọ ohun tí mò ń rò, ó bù lára èkuru náà, ó fi kan ata, ó jẹ ẹ́ lójú wa. Ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí orúnkún. Irú ìwà ọmọlúwàbí yìí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó gbà pé àwa la jí ọmọ òun, síbẹ̀ kò lè jẹ́ kí ebi pa àlejò nínú ilé rẹ̀.

"Ìyá ọlọ́mọ lẹ̀yin náà," ni ó wí nígbà tó yá. "Mi ò ní bínú. Mi ò ní pe pọ́líìsì. Ẹ ṣá ti sọ fún mi bóyá ó wà láyé."

"Ìyá, ẹ dákun, a ò mọ̀ ọ́n," ni Bísí wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ó máa ń fẹ́ràn kí wọ́n fi ìyọ̀ díẹ̀ sí omi fún un bí ara rẹ̀ kò bá yá. Bí ẹ bá rí àwọn tó mú un, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ ọmọ yín, mo sì ń sọ fún wọn pé irọ́ kò dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ purọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti dé ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó wà láàyè, ó ń jẹun, ara rẹ̀ le. Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́ kì í ṣe ìwà rere. Ẹ̀rù ni: ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni mo ń bẹ̀rù.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni ìlẹ̀kùn ṣí. Baálẹ̀ ti mú fóònù Bísí gun òkè kan tí nẹ́tíwọ̀kì wà, wọ́n ti bá Adéwálé sọ̀rọ̀, Adéwálé sì ti fi wọ́n kan onílẹ̀ gan-an, Alájì kan tó ń gbé ní ìgboro. Alájì jẹ́rìí pé òun fún un láyè láti fi ike eré pamọ́ sóko, òun kàn gbàgbé láti sọ fún ará abúlé ni.

"Ẹ má bínú," ni Baálẹ̀ wí. Wọ́n ṣí fìlà wọn, irun orí wọn funfun báláú. "Ohun tójú wa rí ló sọ wá di báyìí."

A dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin, torí pé a kò rántí mọ́ pé ìkúnlẹ̀ ni tiwa. Gàníyù gbé omi wá fún mi. Kò wojú mi, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà.

Bí a ṣe ń múra àtilọ ni Ìyá Sàlámátù di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ti ṣàlàyé eré wa fún un.

"Wọ́n ní fóònù yín máa ń wá ohun tó sọnù nínú igbó," ni ó wí. "Ṣé kò lè wá èèyàn?"

Òdìkejì odò

A kò lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọlọ́kadà kò sì padà wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún wọn pé fóònù wa kò lè wá èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti wá a dé. Gàníyù àti àwọn ọdẹ rìn síwájú, àwa tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń nawọ́ síbi tí wọ́n ti dé, Bísí ń sàmì sí i. Nígbà tí a wo ojú fóònù, gbogbo rẹ̀ hàn kedere: wọ́n ti tẹ igbó mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan ní òdìkejì odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ kò dé ibẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wo ilẹ̀. Oníbọn ṣakabùlà ló dáhùn níkẹyìn. "A ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí. Àwa náà lọ́mọ nílé."

Gàníyù bọ́ sínú odò. Omi kò kọjá orúnkún rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n a tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìgboyà. Ẹ̀rù dídúró sẹ́yìn ju ẹ̀rù ìlọ lọ fún mi.

A kò rìn jìnnà. Àyè kan wà lábẹ́ igi tí wọ́n ti ṣán. Agolo sàdíìnì wà níbẹ̀, ọ̀rá omi fọ́n káàkiri, okùn wà lẹ́sẹ̀ igi, ìdáná sì wà láàárín òkúta. Lára ẹ̀ka igi kékeré kan tó súnmọ́lẹ̀, ẹnì kan ti so àjákù aṣọ búlúù. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló gbé e síbẹ̀ o. Wọ́n so ó ni, ní kókó méjì.

"Ìbòrí rẹ̀ ni," ni Gàníyù sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan eérú. Ó fà á sẹ́yìn kíá. Eérú náà ṣì gbóná.

Nínú igbó, níwájú wa, ẹnì kan wúkọ́.

Mi ò mọ bí a ṣe padà débi odò. Mo mọ̀ pé Bísí ṣubú, mo fa apá rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mi ò sì mọ̀ bóyá tiwa ni tàbí tiwọn. Abúlé ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní bàtà lẹ́sẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó ti dìde kí n tó mọ̀.

Ilé

Ojú fóònù Bísí ni Baálẹ̀ fi han àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wá láti ìlú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Mi ò dúró wò ó. Mo wálé.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Sàlámátù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kí mi, á béèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ, á ní, "A ṣì ń retí o," á sì pa fóònù. Nígbà mìíràn, bí mo bá rí nọ́ńbà rẹ̀, mo máa ń gbé fóònù dojú bolẹ̀, n ó jẹ́ kí ó dún tán. Ẹ̀rù ìròyìn tí yóò sọ ló ń bà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní kíláàsì nígbà tó pè. Mo bọ́ síta, mo gbé e. Kì í ṣe ohùn ìyá náà ni mo gbọ́. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni Sàlámátù."

Ògiri ni mo fẹ̀yìn tì.

"Wọ́n fi wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá. A rìn títí a fi já sí títì. Màámi ní kí n sọ̀rọ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn mi."

Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí, ó sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo lẹ́yìn mi.

"Ṣé o ti jẹun?" ni mo bi í.

"Mo ti jẹun, mà," ni ó wí. "Mo ti jẹun."